Aṣọ Ilé, Egungun Ilé: Ohun Tó Ń Da Ìtàn Ilé Kíkọ́ Amẹ́ríkà Rú Mọ́ni Lójú

Ẹni tó bá ti wá ilé rà rí ní Maryland, ní Houston tàbí ní Atlanta, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, yóò ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń bá ni ta ilé kì í kàn sọ pé ilé oníyàrá mẹ́rin ni. Wọ́n á ní Colonial ni, tàbí Victorian, tàbí Craftsman, tàbí Ranch. Ẹni tó mọ̀ pé ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè ní sáà colonial yóò wá máa wo ilé náà tìyanutìyanu. Ọdún 2004 ni wọ́n kọ́ ọ. Ike ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Gáréèjì ọkọ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbo ni ọba Gẹ̀ẹ́sì ti wá bá wọn dé ibẹ̀?

Wọn ò parọ́ o. Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé ìtàn méjì ló wà nínú ìtàn ilé Amẹ́ríkà, a sì máa ń sọ wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ilé ní aṣọ, ó sì ní egungun. Aṣọ ni ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí: òpó iwájú, ọnà etí fèrèsé, bí orí òrùlé ṣe rí. Egungun ni ohun tó gbé ilé dúró, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe bíríkì, ìbáà ṣe irin. Orúkọ tí àwọn tó ń ta ilé ń pè, orúkọ aṣọ ni. Aṣọ a máa lọ, a máa bọ̀. Èyí tí wọ́n wọ̀ ní 1750, wọ́n lè tún un wọ̀ ní 1920 àti ní 2004. Egungun kì í sábà padà sẹ́yìn. Nígbà tí ìṣó olówó pọ́ọ́kú bá ti dé, ta ni yóò tún jókòó máa fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbẹ́ ihò sára ìtì igi?

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìwé tó to Georgian, Federal, Greek Revival, Gothic Revival, Queen Anne àti Art Deco tẹ̀ léra, ẹ má rò pé ọ̀kan kú kí èkejì tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ wà lójú títì kan náà ni.

Kí òyìnbó tó dé rárá ni ilé ti wà níbẹ̀. Ní Taos, ní New Mexico, ilé alámọ̀ tó gun orí ara wọn wà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbé inú rẹ̀ kí Columbus tó gbéra nílé, tí wọ́n ṣì ń rẹ́ ara rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà títí di òní. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko ni. Ẹni tó mọ ilé àtijọ́ tiwa kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Spéènì tẹ St. Augustine dó ní Florida ní 1565, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ odi ńlá kan síbẹ̀ ní 1672, Castillo de San Marcos. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ọ, ìkarahun inú òkun ló lẹ̀ pọ̀ di í, ó sì rọ̀ débi pé tí ọta àgbá bá bà á, ṣe ló ń rì wọ inú ògiri dípò kí ògiri fọ́. Odi náà ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gúnlẹ̀ sí Massachusetts bá igbó, wọ́n sì fi igi kọ́lé. Ilé ìdílé Fairbanks ní Dedham, tí wọ́n kọ́ láàárín nǹkan bí 1637 sí 1641, ni ó pẹ́ jù nínú àwọn ilé onígi tó ṣẹ́kù ní Àríwá Amẹ́ríkà. Òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó kí yìnyín lè máa yọ́ bọ́ sílẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kéré nítorí gíláàsì wọ́n, ààrò ńlá kan sì dúró láàárín ilé. Egungun rẹ̀ jẹ́ ìtì igi gbọ̀ǹgbọ̀ tí wọ́n gbẹ́ orí ọ̀kan bọ inú ihò èkejì, tí wọ́n wá fi èèkàn igi dè é pa. Ilé sáà ọba Gẹ̀ẹ́sì gidi nìyẹn, kò sì jọ ilé 2004 wa yẹn rárá.

Èyí tí tọ̀hún jọ ni ilé àwọn olówó ìgbà tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní Georgian nítorí àwọn ọba George tó jẹ tẹ̀ léra láti 1714. Ilẹ̀kùn á wà ní àárín gangan, fèrèsé méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, márùn-ún lókè, ohun gbogbo á wá dọ́gba. Kò pọn dandan kí ayàwòrán ilé wà ńbẹ̀. Ìwé àwòrán tó wá láti London ni kápíńtà máa ń ṣí sílẹ̀ tí yóò sì máa wò ó ṣe. Àṣà yìí tutù lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà wá pé 100 ọdún ní 1876, tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá ní Philadelphia, ọkàn àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ilé àwọn baba ńlá wọn. Láti nǹkan bí 1926, John D. Rockefeller Kékeré, ọmọ olówó epo rọ̀bì nì, náwó lọ́pọ̀lọpọ̀ láti tún ìlú Williamsburg ní Virginia ṣe kó lè rí bó ti rí láyé àwọn ọba wọ̀nyẹn. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn àárín àti fèrèsé márùn-ún ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kà sí ilé ọmọlúàbí. Ilé 2004 yẹn, àdàkọ àdàkọ ni.

Thomas Jefferson, tó wá di Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tó yá, kò fẹ́ rí aṣọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn sójú. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọba, kí ló fẹ́ fi aṣọ ọba ṣe? Ó mú tẹ́ḿpìlì àwọn ará Róòmù kan tó wà ní ìlú Nîmes ní Faransé, Maison Carrée, ó sì fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún ilé ìgbìmọ̀ Virginia ní Richmond. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Gíríìsì dìde ogun sí ìjọba Tọ́kì ní 1821, inú àwọn ará Amẹ́ríkà dùn sí wọn, gbogbo ìlú sì kó sí aṣọ Gíríìkì. Báńkì ńlá tí William Strickland parí ní Philadelphia ní 1824 jọ tẹ́ḿpìlì Athens. Kò pẹ́ tí ilé ẹjọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àgbẹ̀ lásán fi ń gbé òpó síwájú. Pákó ni púpọ̀ nínú òpó wọ̀nyẹn. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kùn wọ́n kí wọ́n lè jọ òkúta.

Ní Gúúsù, àwọn olóko ńlá fẹ́ràn òpó ju gbogbo ènìyàn lọ. Oak Alley ní Louisiana, tó parí ní 1839, ní òpó 28 tó yí i ká, àwọn ẹrú ló sì ṣe wàhálà rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Washington, níbi tí àwọn ẹrú ti gé òkúta, la igi, sun bíríkì fún ilé Ààrẹ àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Orí roboto ilé ìgbìmọ̀ náà tún jẹ́ aṣọ tó ń tan ojú jẹ. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á rò pé òkúta mábù ni. Irin dídà ni látòkèdélẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ súnmọ́ mílíọ̀nù 9 pọ́n-ùn, ọ̀dà ló sì sọ ọ́ di òkúta.

Ère obìnrin tí wọ́n ń pè ní Òmìnira ló wà ní góńgó orí yẹn. Nígbà tí àpẹẹrẹ rẹ̀ tí wọ́n fi P.O.P. ṣe dé láti Róòmù, òṣìṣẹ́ ará Ítálì kan ló tò ó pọ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n fẹ́ tú u kí wọ́n lè dà á ní idẹ, ọkùnrin náà ní òun ò ní fi ojú oríkèé rẹ̀ hàn wọ́n àfi tí wọ́n bá fi owó kún owó òun. Ẹrú kan tó ń jẹ́ Philip Reid ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó so okùn mọ́ orí ère, ó fi àgbá kẹ̀kẹ́ okùn fà á sókè díẹ̀díẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là fúnra rẹ̀. Òfin sọ Reid di olómìnira ní oṣù Kẹrin 1862. Oṣù Kejìlá 1863 ni wọ́n gbé ère náà gun òkè.

Nígbà tí àwọn olówó ń wọ aṣọ Gíríìkì, ilé kan ti fìdí múlẹ̀ ní New Orleans tí kò sí nínú ìwé àwòrán London kankan. Shotgun ni wọ́n ń pè é. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, bí ẹsẹ̀ bàtà 12. Yàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin á wá tò sẹ́yìn ara wọn, ilẹ̀kùn wọn á kọjú síra, tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ẹ ó rí ẹ̀yìnkùlé gbọnrangandan. Kò ní kọ́rídọ̀. Ẹni tó ń lọ sí ilé ìdáná á gba inú yàrá gbogbo ènìyàn kọjá, kò sì sí ẹni tó lè bínú sùn kí àwọn ará ilé má mọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré á wà níwájú, níbi tí wọ́n ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sì ń kí ẹni tó ń kọjá lọ.

Ní 1976, John Michael Vlach, tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ìbílẹ̀, tẹ àlàyé kan jáde tó tọ ipasẹ̀ ilé yìí láti New Orleans dé Haiti, àti láti Haiti dé ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá, tó máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 20, ni ìdí rẹ̀. Pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ìwọ̀n yẹn lọ́kàn dé Haiti. Pé ibẹ̀ ló ti bá ilé àwọn ọmọ onílẹ̀ Arawak pàdé, tó gba ojú ọ̀nà lábẹ́ ṣóńṣó òrùlé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó sì di 1809 sí 1810, àwọn tó lé ní 9,000 tó ti sá kúrò ní Haiti lọ sí Cuba tún ṣí wọ New Orleans. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti olómìnira. Nínú wọn ni àwọn kápíńtà àti bíríkìlà wà.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà fún Vlach. Àwọn kan ní ilẹ̀ New Orleans tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ló fà á tí ilé fi rí tẹ́ẹ́rẹ́. Èmi ò rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ pa èkejì. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ ní ìlú Amẹ́ríkà mìíràn, wọn ò sì kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi kọ́rídọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gùn ún lókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá fò sókè pé Yorùbá ló kọ́ New Orleans, àsọdùn nìyẹn. Ohun tó dájú ni pé ilé yìí tàn kálẹ̀ Gúúsù lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí, ó sì di ilé òṣìṣẹ́. Ní Third Ward ní Houston, àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú gba irú rẹ̀ 22 tó ti fẹ́ wó là ní 1993, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sọ wọ́n di Project Row Houses. Àwọn ará wa tó ń gbé Houston lè wa ọkọ̀ lọ wò wọ́n.

Ní àwọn ọdún 1830, ní Chicago àti agbègbè rẹ̀, egungun ilé yí padà láìsí ariwo. Ẹ̀rọ ti ń rọ ìṣó lọ́pọ̀ yanturu, ayùn tí agbára omi tàbí ooru omi gbígbóná ń yí ti ń la pákó sí ìwọ̀n kan náà. Dípò ìtì igi gbọ̀ǹgbọ̀ díẹ̀, wọ́n fi pákó wẹ́wẹ́ púpọ̀ tó sún mọ́ra ṣe ara ògiri, wọ́n kàn án níṣòó, ó parí. Ẹni méjì tó ní òòlù àti ayùn lè gbé ilé dúró láìpe ọ̀gá kápíńtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Amẹ́ríkà títí di òní olónìí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé máa ń fi ìka kan ògiri, á gbọ́ ko-ko-ko, á sì bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé ohun tí wọ́n gba ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là lọ́wọ́ òun fún nìyí. Òun náà ni. Ìjì àti ikán ni ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yá láti kọ́, ó rọrùn láti tún ṣe, igi sì pọ̀ lọ́hùn-ún ju ti wa lọ.

Nígbà tí egungun ti di ohun pọ́ọ́kú, owó wá ṣẹ́ kù fún aṣọ. Ẹ̀rọ tó ń gé ọnà sára pákó dé, rélùwéè ń gbé e kiri, gbogbo ilé bá ń fi ọnà igi ṣe léèsì. Ohun tí wọ́n ń pè ní Victorian nìyẹn. Kì í ṣe stáìlì kan ṣoṣo o. Sáà ọbabìnrin Victoria ni, oríṣiríṣi ló sì wà nínú rẹ̀, láti orí òrùlé ṣóńṣó aláfarawé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ títí dé àwọn ilé aláwọ̀ mèremère ti San Francisco. Láàárín 1908 sí 1940, ilé ìtajà Sears ń ta odidi ilé nínú ìwé ọjà. Ẹ ó yan èyí tó wù yín, rélùwéè á sì gbé pákó gígé, ìṣó àti ọ̀dà rẹ̀ wá fún yín pẹ̀lú ìwé ìtọ́ni. Ó lé ní 70,000 ilé tí wọ́n tà lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí aṣọ àti egungun ti jà gan-an ni Chicago. Ní oṣù Kẹwàá 1871, iná jó ìlú náà, nǹkan bí 300 ènìyàn kú, 100,000 di aláìnílé. Ilẹ̀ àárín ìlú wọ́n, àwọn oníṣòwò sì fẹ́ gun òkè. Ohun méjì ló ti ń dí wọn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni àtẹ̀gùn: ta ni yóò san owó ilé fún àjà kẹjọ? Elisha Otis ti yanjú ìyẹn nígbà tó fi hàn ní New York ní 1854 pé tí okùn lífíìtì bá já, lífíìtì náà kò ní ṣubú. Èkejì ni ògiri. Bíríkì tó bá fẹ́ ru àjà púpọ̀ gbọ́dọ̀ nípọn nísàlẹ̀, bó bá sì ti ń nípọn ni ó ń jẹ ààyè tí onílé fẹ́ háyà.

Ẹ lọ wo Monadnock tó bá gbà yín láyè, ó ṣì dúró ní Jackson Boulevard. Ilé kan ni lójú, ilé méjì ni nínú. Apá àríwá rẹ̀ parí ní 1891: àjà 16, bíríkì ló gbé e, ògiri rẹ̀ nísàlẹ̀ sì nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Tí ẹ bá dúró ní ojú fèrèsé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i bí gíláàsì ṣe jìn wọnú. Ilé náà wúwo débi pé ó rì ju bí àwọn tó kọ́ ọ ti rò lọ. Apá gúúsù parí ní 1893, irin ló gbé e. Ògiri fúyẹ́, fèrèsé fẹ̀, ààyè tí wọ́n lè háyà pọ̀ sí i. Ọdún méjì péré ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé àwòṣífìlà kò tún ní fi bíríkì gbé e. William Le Baron Jenney ló ti ṣí ọ̀nà pẹ̀lú Home Insurance Building ní 1885, alájà 10, tí wọ́n wó ní 1931.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé: kí ni ká wọ̀ fún egungun irin? Louis Sullivan, ayàwòrán ilé kan ní Chicago, ní kí ilé gíga jọ ilé gíga, kí ìrísí tẹ̀ lé iṣẹ́ tí ilé ń ṣe. Ọ̀pọ̀ kò gbọ́. Ní 1893, ní Chicago kan náà, wọ́n ṣe Ìpàtẹ Àgbáyé tí Daniel Burnham darí, wọ́n kọ́ ìlú funfun kan tó kún fún òpó àti ère. P.O.P. tí wọ́n pò mọ́ okùn ni wọ́n fi bo egungun irin àti igi. Àwọn ènìyàn ya wá wò ó, wọ́n padà sílé, wọ́n sì ní irú rẹ̀ làwọn fẹ́ fún ilé ìkàwé, ibùdókọ̀ ojú irin àti báńkì àwọn. Ìdí nìyẹn tí báńkì 1910 fi lè jọ báńkì 1824. Ẹ má wo òpó rẹ̀ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ wo bí fèrèsé rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹ bèèrè bóyá lífíìtì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Woolworth Building ní New York, tí Cass Gilbert parí ní 1913, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 792. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yúróòpù látòkèdélẹ̀, amọ̀ sísun ni wọ́n fi ṣe ọnà ara rẹ̀, irin ló wà nínú. Lójú tèmi, ó dára ju ọ̀pọ̀ ilé tó ń fi òtítọ́ yangàn lọ.

Òfin náà máa ń ran aṣọ. Ní 1915, ilé Equitable gòkè tààrà ní New York láìfà sẹ́yìn rárá, òjìji rẹ̀ sì bo àdúgbò. Ní 1916, ìjọba ìlú ní tí ilé bá ga dé ìwọ̀n kan, ó gbọ́dọ̀ máa fà sẹ́yìn kí oòrùn lè dé ojú títì. Orí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà nìkan ni ó ti lè ga bó ṣe wù ú. Àwọn ilé alákàbà tí a mọ̀ mọ́ Art Deco, òfin yìí ló gé wọn bẹ́ẹ̀. Ọnà onígun àti irin dídán tí wọ́n fi kún un ni ti àṣà. Ìdíje ni ìyókù. Nígbà tí àwọn tó ń kọ́ 40 Wall Street rò pé àwọn ló ga jù, William Van Alen ti to ṣóńṣó irin kan pamọ́ sínú orí Chrysler Building. Ní oṣù Kẹwàá 1929 ni wọ́n tì í jáde, ilé náà bá di ẹsẹ̀ bàtà 1,046. Ní 1931, Empire State gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú 1,250.

Àwọn kan wá ní kí ilé bọ́ aṣọ pátápátá. Ní 1932, ilé àfihàn MoMA ní New York pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Yúróòpù tí wọ́n ń fi gíláàsì, irin àti ògiri funfun kọ́lé láìsí ọnà kankan. Nígbà tí Hitler gba Jámánì, púpọ̀ nínú wọn ṣí wá. Ludwig Mies van der Rohe wá sí Chicago. Iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù ni Seagram Building ní New York, 1958, àjà 38, gíláàsì àti idẹ. Ibẹ̀ ló ti pa mí lẹ́rìn-ín. Òfin iná ní gbogbo irin tó gbé ilé gbọ́dọ̀ wà nínú kọnkéré, nítorí náà egungun tí Mies fẹ́ fi han ayé kò ṣe é rí. Kí ló ṣe? Ó to ọ̀pá idẹ tín-ínrín sí ara ilé látòkè délẹ̀, wọn ò gbé nǹkan kan, kí ojú lè rò pé egungun lòun ń wò. Ẹni tó ní òun kórìíra aṣọ ló ran aṣọ tó jọ egungun.

Ní ti ilé àwọn ará ìlú, Levittown ni ká sọ. Láti 1947, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ànàmọ́ rí ní Long Island, ìdílé Levitt kọ́ ilé tó lé ní 17,000 tó jọra wọn, ìjọba sì dúró lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ yá owó rà á. Ìwé àdéhùn wọn sọ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbé inú rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ìgbà kan náà ni Paul R. Williams ń yàwòrán ilé fún àwọn òṣèré ńlá ní Los Angeles. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Amẹ́ríkà gbà wọlé, ní 1923. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán látòdì, kí oníbàárà òyìnbó tó jókòó ní òdìkejì tábìlì lè máa rí ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà tó tọ́ láìjẹ́ pé ó sún mọ́ ọn. Àwọn àdúgbò kan wà tó ti yàwòrán ilé tí òfin kò gbà kó gbé.

Sáà yìí náà ni Ranch tí wọ́n ń tà fún yín gbilẹ̀: ilé ìsàlẹ̀, tó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òrùlé rẹ̀ kò ga. Ẹ̀rọ amúlétutù ló sì yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò níwájú ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí tútù ti wà nínú ilé, ta ni ń jókòó síta?

Ilé gíláàsì sú àwọn ènìyàn nígbà tó yá. Philip Johnson, tó wà lára àwọn tó ṣètò àfihàn 1932, ló parí ilé AT&T ní New York ní 1984, tó fi òkúta bò ó, tó sì dé e ní orí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́. Aṣọ padà dé. Ìjà náà ò tíì parí: ní oṣù Kejìlá 2020, Ààrẹ Trump pàṣẹ pé kí ilé ìjọba máa jọ ti Gíríìkì àti Róòmù, Biden fagi lé e ní 2021, Trump tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nígbà tó padà dé ní 2025.

Ilé tí mo fẹ́ fi tẹ́ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni Ilé Àkójọ Ìtàn àti Àṣà àwọn Aláwọ̀ Dúdú Amẹ́ríkà ní Washington, tó ṣí ní oṣù Kẹsàn-án 2016. David Adjaye ló darí àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú Philip Freelon àti àwọn mìíràn. Ó ní ìpele mẹ́ta tó ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè, ibi tó sì ti mú u ni òpó gbígbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ènìyàn ń ru adé lórí, irú tí àwọn agbẹ́gilére bí Olówè ará Ìsẹ̀ máa ń gbẹ́ sí ààfin ọba Èkìtì. Abala irin aláwọ̀ idẹ 3,600 ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Ihò ọnà ara wọn tọ́ka sí iṣẹ́ irin tí àwọn ẹrú rọ ní Louisiana àti South Carolina. Nítòsí rẹ̀ ni òpó ńlá ìrántí George Washington wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1848, tí owó tán, tí ogun abẹ́lé dí i lọ́wọ́, tó fi parí ní 1884. Ojú ṣì ń rí ibi tí àwọ̀ òkúta rẹ̀ ti yí padà. Ìwọ̀n dígíríì tí ìpele ilé Adjaye fi dà síta, bíi 17, òun náà ni ti ṣóńṣó orí òpó Washington yẹn.